Kà Á Kí O Tó Ka Owó: Lórí Àwo Rọ́ọ̀kì Tí Japan Ò Ṣe Fún Títà

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Peckham ni mò ń gbé. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní Apapa ní ọdún 1973, wọ́n sì máa ń sọ fún wa pé ìtòsí ibi iṣẹ́ àwọn ni Paul McCartney ti wá gba orin Band on the Run sílẹ̀. Mo wá rí àwo náà, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Japan, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tà á ní £380. Ó ní promo ni, pé irú ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Mo fi fọ́tò mẹ́rin ránṣẹ́ sí yín. Ṣé òótọ́ ló ń sọ? Tí mo bá sì fẹ́ máa kó irú àwo yìí jọ, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú ilé o. Má tíì sanwó. Mo wo fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárọ̀, mo tún wò wọ́n lálẹ́. Àwo náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú, Japan ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Promo tí ọkùnrin yẹn ń pariwo ni mi ò rí níbẹ̀. Jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ bí mo ṣe mọ̀, torí ọ̀nà tí mo gbà wò ó ni ìwọ náà máa fi bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, bàbá ò purọ́. Ìparí oṣù Kẹjọ 1973 ni McCartney, Linda ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine dé Èkó. Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ olórin wọn, Wings, ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ bàálù. Sítúdíò EMI ní Wharf Road, Apapa, ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, wọ́n sì gba orin kan ní sítúdíò tí Ginger Baker, onílù ará ìlú Ọba, kọ́ sí Ìkẹjà. Àwọn olè dá McCartney àti Linda lọ́nà lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ́kọ́ kọ orin wọ̀nyẹn sí. Fela náà bínú, ó ní orin wa ni wọ́n wá jí, àfìgbà tí McCartney gbé ohun tó ti gbà sílẹ̀ fún un gbọ́. London ni wọ́n ti parí iṣẹ́ náà, àwo jáde ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Toshiba-EMI sì tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ará Japan. Láti Apapa dé Tokyo! Èmi náà ní ọ̀kan, n kì í sì í gbé e sórí giramafóònù láìrántí òjò oṣù Kẹsàn-án ní Èkó.

Ó yá, kí ni wọ́n ń pè ní promo ní Japan? Kí àwo tuntun tó bọ́ sí ọjà, ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ á kọ́kọ́ pín díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó máa ń lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, sọ́dọ̀ àwọn akọ̀ròyìn ìwé orin bíi Music Life, sí ṣọ́ọ̀bù, àti sí àwọn tó ń fi wáyà gbé orin wọ ilé ọtí àti ilé kọfí, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní yūsen. O mọ bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń bu gààrí sí ọ lọ́wọ́ pé kí o tọ́ ọ wò kó tó wọn kóńgò? Nǹkan kan náà ni. Àwo ìtọ́wò ni èmi máa ń pè é nínú ilé mi. Àwọn tó ni ín ń pè é ní mihon-ban: mihon ni àpẹẹrẹ, ban ni àwo.

Kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á kí o tó kọ́ ohunkóhun mìíràn. Bó ṣe máa ń wà lára àwo rèé: 見本盤. Wo àkọ́kọ́, 見. Ó dà bí ojú tó hu ẹsẹ̀ méjì, "wò" ló sì túmọ̀ sí. Ìkejì, 本, igi ni wọ́n yà, wọ́n wá fa ilà kékeré kan sí i nídìí: gbòǹgbò, ìpìlẹ̀. Ìkẹta, 盤, ni àwo. Ìgbà mìíràn 見本品 ni wọ́n á kọ; 品 yẹn rọrùn láti dá mọ̀, àpótí mẹ́ta ni, ọ̀kan lórí, méjì nísàlẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni nǹkan tàbí ọjà. Gbólóhùn kejì tí o máa rí ni 非売品, hibaihin, "kì í ṣe fún títà". Lẹ́tà àkọ́kọ́ ibẹ̀ dà bí òòyà méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra níbẹ̀: wọ́n máa ń kọ 非売品 sára ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún oníbàárà náà, bíi pósítà tàbí àwo kékeré tí wọ́n fi ṣe èènì. Tí o bá rí i lóun nìkan, kò tíì sọ pé rédíò ni nǹkan náà ti wá.

Lẹ́tà mẹ́fà péré nìyẹn. Kọ wọ́n sórí bébà, kí o máa fi ọwọ́ ara rẹ yà wọ́n títí wọ́n á fi mọ́ ọ lójú. Mo rí àwọn tó ti ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn sórí àwo Japan tí wọn ò lè ka ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ pé ohun tí ontajà bá sọ ni wọ́n ń gbà. Ẹni tí kò bá lè ka àwo kò yẹ kó ka owó.

Nísinsìnyí, ibi tó ṣe pàtàkì jù. Wọn ò ṣe gbogbo àwo ìtọ́wò bákan náà. Nígbà mìíràn, àwo ọjà gan-an ni wọ́n mú, wọ́n kàn tẹ òǹtẹ̀ lé e tàbí wọ́n lẹ sítíkà mọ́ páálí rẹ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n tẹ lébẹ̀ẹ̀lì tirẹ̀ lọ́tọ̀, funfun, láìsí àwọ̀ àti àwòrán tó wà lára ti ọjà, tí 見本盤 sì jẹ́ ara ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ sí i. Ìkejì yìí ni àwọn alákòójọ ń wá lójú méjèèjì, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe àwo. Òṣìṣẹ́ á fi lébẹ̀ẹ̀lì bébà kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀, á gbé rọ́bà dúdú gbígbóná sáàárín wọn, ó máa ń rí bí òkèlè àmàlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹ̀rọ á wá fún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò sí gọ́ọ̀mù kankan. Ooru àti agbára ẹ̀rọ ni wọ́n mú bébà yẹn wọ inú rọ́bà lọ. Nítorí náà kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣí lébẹ̀ẹ̀lì ọjà kúrò kó fi funfun sí i láìba àwo jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú lébẹ̀ẹ̀lì funfun gbọ́dọ̀ tẹ odindi àwo tuntun. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀? Ẹnikẹ́ni lè ṣe òǹtẹ̀ rọ́bà. Sítíkà? A lè ṣí i lára páálí kan lọ sí òmíràn.

Ẹ̀kọ́ yìí ná mi lówó. Ní bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, mo ra Live in Japan ti Deep Purple lọ́wọ́ ẹnì kan ní ọjà àwo. Òǹtẹ̀ pupa 見本盤 wà lẹ́yìn páálí rẹ̀, ó rí mọ́ńbé. Mo délé, mo rẹ òwú díẹ̀ sínú omi, mo fi ń nu eruku tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀ náà. Òwú di pupa. Íǹkì tó bá ti wà lára bébà láti ọdún 1972, yóò ti mu wọ inú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́; èyí ṣì wà lókè bí àtíkè. Ẹ̀dùn ọkàn gidi ni. Mo ṣì ní àwo náà o, torí orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Osaka àti Tokyo lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn kò ṣẹ̀ mí, òǹtẹ̀ ló ṣẹ̀ mí.

Ẹ̀yà kẹta wà, òun ni mo fẹ́ràn jù: àwo tí kò sí lọ́jà rárá, tí wọ́n dìídì tò orin rẹ̀ fún rédíò, tàbí tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ olórin sí. Nọ́ḿbà rẹ̀ ni o máa fi mọ̀ ọ́n. CBS/Sony, ilé iṣẹ́ àwo ní Japan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, ní àṣà kan tó dùn mọ́ mi: láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1970, wọ́n ń fi iye owó sínú nọ́ḿbà àwo. 25AP, àwo 2,500 yẹ́n nìyẹn, 28AP, 2,800, 07SP, àwo kékeré 700 yẹ́n. Àwọn tí wọ́n ṣe fún rédíò nìkan wá ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú XDAP. Wò ó dáadáa, kò sí owó níwájú rẹ̀, torí wọn ò ní in lọ́kàn láti tà á láéláé. Tí ontajà bá ní "rédíò nìkan ló ní èyí" tí nọ́ḿbà sì jẹ́ 25AP, nọ́ḿbà náà ti já a nírọ́. Ó lè ṣì jẹ́ àwo ìtọ́wò, ṣùgbọ́n ìkejì rẹ̀ wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Àwo pupa ńkọ́? Wọ́n á fẹ́ fi tan ọ́ jẹ. Toshiba tẹ àwo pupa tí wọ́n ń pè ní Everclean, títí kan ti àwọn Beatles, láti ìparí àwọn ọdún 1950 títí wọ inú àwọn ọdún 1970. Wọ́n po nǹkan mọ́ rọ́bà rẹ̀ kí eruku má baà máa lẹ̀ mọ́ ọn. Gbé e síwájú gílóòbù, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá bíi sóbò. Ó rẹwà púpọ̀, àmọ́ àwọ̀ pupa nìkan kò sọ ọ́ di promo. Àwo ọjà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Kí n wá kan ọ̀já. Bébà gígùn tó wé páálí àwo Japan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, obi ni wọ́n ń pè é, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe ọ̀já tí obìnrin ń dì mọ́ kimono. Lára rẹ̀ ni orúkọ olórin, nọ́ḿbà àti iye owó máa ń wà. Ọ̀pọ̀ ló jù ú nù lọ́jọ́ tí wọ́n ra àwo, ìyẹn ló fi gbówó lórí, ìyẹn náà ló sì fi jẹ́ pé òun ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù. Nǹkan mẹ́ta ni kí o wò lára rẹ̀. Ṣé nọ́ḿbà rẹ̀ bá ti ẹ̀yìn páálí àti ti lébẹ̀ẹ̀lì mu? Ṣé iye owó rẹ̀ bá ìgbà mu? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nǹkan bíi 2,000 yẹ́n ni àwo olórin òkèèrè. Nígbà tó fi máa di 1980, ó ti di 2,500, ó tún gòkè lọ sí 2,800. Tí o bá sì rí 税込, "owó orí wà nínú rẹ̀", mọ̀ pé nǹkan bí ọdún 1989 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tẹ ọ̀já yẹn, torí oṣù Kẹrin ọdún yẹn ni Japan bẹ̀rẹ̀ owó orí ọjà, ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìkẹta, fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo lẹ́tà rẹ̀. Lẹ́tà dúdú tí wọ́n tẹ̀ nígbà yẹn máa ń ṣe ketekete. Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ inú ilé dà á kọ, ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà á máa já bí aṣọ tí eku jẹ.

Àwo ìtọ́wò tí kò ní ọ̀já kò burú o. Kí ni ilé iṣẹ́ rédíò fẹ́ fi ọ̀já ṣe? Nǹkan mìíràn ni wàá bá lára wọn: òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́, ọjọ́ tó wọlé, ìkọ̀wé pẹ́ńsù. Mo ní àwo Queen kan tó ní lébẹ̀ẹ̀lì funfun, ti Warner-Pioneer. Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù ṣe róbótó yí orin kẹta ká, ó kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá fa ilà méjì sábẹ́ ẹ. Àwọn alákòójọ mìíràn máa ń já owó sílẹ̀ nítorí irú ìkọ̀wé yìí. Èmi á tún fi kún un ni. Ẹnì kan jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, ó pinnu pé orin yẹn ni gbogbo ìlú máa gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí ohun tí mo ní nílé yìí.

Wọ́n á sọ fún ọ pé àwo ìtọ́wò máa ń dún dáadáa ju ti ọjà lọ, pé irin mọ́ọ̀dì ṣì tuntun nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí mọ́ọ̀dì máa ń gbó bí wọ́n bá ṣe ń lò ó. Ṣùgbọ́n mo ti gbé méjèèjì síra wọn lọ́pọ̀ ìgbà, ìyàtọ̀ tí mo gbọ́ kò tó ìyàtọ̀ owó. Téèpù tí wọ́n fi ṣe ti Japan náà, ẹ̀dà ló sábà máa ń jẹ́. Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà ni ojúlówó wà. Fún ẹgbẹ́ olórin ìlú Ọba, àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀ lè kún létí ju ti Japan lọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo fẹ́ràn ti Japan fún. Láàárín orin kan sí èkejì, o ò ní gbọ́ ṣààà bí ẹni tó ń da àkàrà sínú epo.

Má sì rò pé etí odò ni Japan wà nínú ọ̀rọ̀ rọ́ọ̀kì. Ní oṣù Kẹrin 1978, Cheap Trick ṣeré ní gbọ̀ngàn Budokan ní Tokyo, ibi tí àwọn Beatles ti ṣeré ní 1966. Àwo eré náà jáde ní Japan nìkan ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà wá ń rà á gba ọ̀nà òkèèrè, wọ́n rà á títí ilé iṣẹ́ wọn fi gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejì 1979. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi àwo ìtọ́wò kan ránṣẹ́ sí rédíò wọn níbẹ̀, From Tokyo to You ni orúkọ rẹ̀. Wo orúkọ yẹn kí o sì fura: Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti pè é ní promo Japan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Wàyí o, fọ́tò rẹ. Lébẹ̀ẹ̀lì: èso ápù tútù yọ̀yọ̀ ti Apple, ilé iṣẹ́ àwo àwọn Beatles, ni, odindi lójú kìíní, ìlàjì lójú kejì, mi ò sì rí 見本盤 níbì kankan lára rẹ̀. Lébẹ̀ẹ̀lì ọjà nìyẹn. Ó dára ní ti pé ó sọ fún wa pé àwo àtijọ́ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n tún tẹ̀ nígbà tí Apple ti kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yìn páálí: sítíkà wà níbẹ̀ lóòótọ́, 見本盤 ló sì wà lára rẹ̀. Àmọ́ páálí náà ti pọ́n láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ bí ewé tábà, sítíkà sì funfun báláú. Àwọn méjèèjì ò jọ dàgbà pọ̀. Ọ̀já: nọ́ḿbà rẹ̀ àti ti lébẹ̀ẹ̀lì kò bára mu, lẹ́tà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gan-an yàtọ̀. Ọ̀já àtúntẹ̀ ni wọ́n wé mọ́ àwo àkọ́kọ́. Ìwé ọ̀rọ̀ orin tó wà nínú rẹ̀ ni kò ní wàhálà, àmì ọjọ́ orí wà lára rẹ̀ bó ṣe wà lára páálí.

Mi ò sọ pé ọkùnrin náà ń ṣe jìbìtì. Bóyá bó ṣe rà á náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n £380 kọ́ ni owó rẹ̀. Lọ sí Discogs, ìkànnì tí àwọn alákòójọ ti ń ra àwo tí wọ́n sì ń tà á, wá ojú ewé àwo Japan yìí gan-an, kí o wo iye tí wọ́n ti tà á rí. Iye tí ontajà ń bèèrè kò já mọ́ nǹkan kan, iye tí ẹnì kan ti san ni kí o wò.

Tí o bá máa bẹ̀rẹ̀ àkójọ, mú ẹgbẹ́ olórin kan tàbí ilé iṣẹ́ kan, kí o mọ lébẹ̀ẹ̀lì rẹ̀ bí ẹní mọ ojú ìyá rẹ̀. Fi àwo kékeré bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwòrán lára, owó rẹ̀ kì í ga bíi ti ńlá, ó sì máa ń ní ìyàtọ̀ tó dùn ún wá. Immigrant Song ti Led Zeppelin, fún àpẹẹrẹ: orin tó wà lẹ́yìn ti Japan kì í ṣe èyí tó wà lẹ́yìn ti Amẹ́ríkà, Out on the Tiles ni wọ́n fi síbẹ̀. Nígbà tí o bá ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, da 見本盤 kọ sínú àpótí ìwákiri pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ náà ní lẹ́tà Japan, bíi クイーン fún Queen, ディープ・パープル fún Deep Purple. Ohun tí o máa rí á yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí "Japan promo" ń gbé wá, owó rẹ̀ náà á sì yàtọ̀. Yahoo! Auctions ti Japan ni ọjà tó kún jù, ṣùgbọ́n wàá nílò aṣojú tó ní àdírẹ́sì níbẹ̀. Ka owó aṣojú, owó ìfiránṣẹ́ àti VAT, owó orí ọjà ti ìlú Ọba, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ ọn kí o tó dá iye. Má ṣe bẹ ẹnikẹ́ni pé kó kọ "ẹ̀bùn" sára rẹ̀ kí o lè sá fún owó orí. Tí ẹsẹ̀ rẹ bá sì dé Tokyo lọ́jọ́ kan, àwọn ṣọ́ọ̀bù Disk Union ní Ochanomizu àti Shinjuku ni kí o kọ́kọ́ yà sí. Ojú wọn le tí wọ́n bá ń díwọ̀n àwo. Ohun tí wọ́n bá fún ní B níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ontajà níbí á pè é ní àwo tó mọ́.

Ìtọ́jú ò le. Òòró ni kí wọ́n dúró, má tò wọ́n léra. Yọ ọ̀já kí o tó fa àwo jáde, torí ìgbà yẹn ló máa ń ya. Tí o bá ń gbé wọn lọ sílé, má fi wọ́n sílẹ̀ nínú mọ́tò lábẹ́ oòrùn Èkó fún wákàtí kan péré, wọ́n á ká bí ewé ẹ̀kọ. Ìgbà òjò ni ọ̀tá páálí. Yàrá tí atẹ́gùn ò bá fẹ́, páálí á hu bíi búrẹ́dì.

Ní báyìí, ní kí ọkùnrin yẹn ya fọ́tò kan sí i fún ọ: ibi dídán tó wà láàárín orin tó kẹ́yìn àti lébẹ̀ẹ̀lì, kó fi iná sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ohun tí wọ́n fín síbẹ̀ lè hàn. Àmì JIS kékeré, àmì ìlànà ilé iṣẹ́ ti Japan, yẹ kó wà níbẹ̀ fún àwo Toshiba ìgbà yẹn, nọ́ḿbà ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti lébẹ̀ẹ̀lì mu. Fi ránṣẹ́ sí mi. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, rà á ní iye àwo ọjà, má ka ọ̀já àti sítíkà mọ́ ọn, kí o gbé e lọ bá bàbá kí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe ní Apapa.